Ìkòkò Kẹfà Lábẹ́ Òkè Màpó

Ní ọjọ́ kẹrin tí a sin Ìyá Àgbà, Sùlè wá bá mi lábẹ́ àtíbàbà tí a ti ń pa aró. Kò jókòó. Ọmọ àbúrò bàbá mi ni, mo sì fi ọdún márùn-ún jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó ti di ẹni ńlá báyìí. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Gbági, bàtà rẹ̀ á sì ti máa ké kó tó yọ sí èèyàn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Fìdáù ọjọ́ kẹjọ ti dé tán, ẹbí sì ní màlúù kan ṣoṣo kò ní tó èrò. Wọ́n ní kí ẹ jẹ́ kí á ta gbogbo aṣọ ìkòkò kẹfà, kí á fi ra òmíràn. Òkú Ìyá Àgbà la fẹ́ fi ṣe, kì í ṣe òkú ará òkèèrè."

Mo ní kó fún mi di ọ̀la. Ọkọ mi máa ń sọ pé láti ìgbà tí òun ti fẹ́ mi, òun ò tíì rí ọjọ́ tí èsì wọ́n mi lẹ́nu. Òótọ́ ni. Mo ní èsì lọ́jọ́ náà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n èèyàn ní láti mọ irú ẹni tí Ìyá Àgbà jẹ́ kí èsì náà tó lè yé e, ó sì jọ pé Sùlè ti gbàgbé.

Ìyá tó bí bàbá mi ni Ìyá Àgbà. Iṣẹ́ aró ni wọ́n fi tọ́ gbogbo agboolé wa ní ìsàlẹ̀ Òkè Màpó. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni aró ti mu ọwọ́ wọn méjèèjì dé ìgúnpá, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá wọ aṣọ funfun lọ sí Yídì, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n wọ ìbọ̀wọ́. Ìkòkò ńlá mẹ́fà ló wà lábẹ́ àtíbàbà ẹ̀yìn ilé, ìkòkò kọ̀ọ̀kan ló sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Aṣọ tí èkíní bá pa, owó rẹ̀ la fi ń jẹun. Èkejì wà fún iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀: ewé ẹ̀lú, igi tí a ń sun fún eérú, ìkòkò tó bá là. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti ọ̀rọ̀ èèyàn, bíi ìsọmọlórúkọ, òkú, sàráà. Ẹ̀kẹrin ni òrùlé àti ògiri. Ìkarùn-ún ni tiwọn, fún obì, ẹja, àti ohun tí ojú wọn bá rí lọ́jà. Ìkẹfà ni ti àwa ọmọdé, òun la fi ń ra ẹ̀bùn Iléyá àti ẹ̀bùn Kérésìmesì, nítorí pé Mùsùlùmí wà nílé wa, onígbàgbọ́ náà sì wà. Owó ìkòkò kan kò gbọdọ̀ ya ilé ìkejì.

Àwọn tó wá kí wa kú ọ̀fọ̀ ń yìn wọ́n, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ẹni tó ń sọ ọ́ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn pé Ìyá Aláró háwọ́. Mi ò lè pe ẹni náà ní òpùrọ́. Mo ti rí i tí wọ́n fi ọjọ́ mẹ́ta jẹ ọbẹ̀ tí kò ní ẹja, nígbà tí owó wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ, nítorí pé owó tó wà nílẹ̀ jẹ́ ti òrùlé.

Bàbá mi, tíṣà ni wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ. Kàrímù ni a sọ wọ́n, wọ́n wá gba ìrìbọmi, wọ́n di Jósẹ́fù. Ìyá Àgbà kò bá wọn jà rárá. Wọ́n kàn ń pè wọ́n ní Kàrímù lọ ni, wọ́n ní àwọn ti pa àgbò kan fún orúkọ yẹn, àgbò náà kò sì lè jí mọ́. Bàbá mi ní ìwé ìnáwó. Gbogbo ohun tí wọ́n bá ná ni wọ́n ń fi gègé kọ sílẹ̀, pẹ̀lú ìlà gígùn tí wọ́n fi rúlà fà. Síbẹ̀, kí oṣù tó dé ìdajì, ẹ ó ti rí wọn tí wọ́n ń yí àtíbàbà po bí ẹni pé aró ni wọ́n wá wò. Ìyá Àgbà á ní kí wọ́n jókòó, wọ́n á bu oúnjẹ fún wọn. Ní ọjọ́ kan, ojú ti bàbá mi, wọ́n sì bínú. Wọ́n ní kò sí kọ́bọ̀ kan tó sọnù, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìwé. Ìyá Àgbà na aṣọ ọwọ́ wọn sórí okùn tán kí wọ́n tó dáhùn. Wọ́n ní, "Kàrímù, ìwé rẹ ń sọ ibi tí owó lọ. Ìkòkò tèmi ń sọ ibi tí kò gbọdọ̀ lọ."

Ẹ má rò pé ọmọ nìkan ni wọ́n lè bá sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá Àgbà, ọkọ wọn, ti jagun nígbà èwe. Ogun ti tán, òyìnbó ti dé, ẹsẹ̀ wọn kan kò sì fẹ́ gbọ́ràn mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹṣin kò kúrò lẹ́nu wọn. Ó ku oṣù méjì kí Iléyá dé, wọ́n rí gàárì tuntun kan lọ́wọ́ Hausa kan ní Ọjà'ba, oorun kò kùn wọ́n mọ́. Wọ́n fẹ́ fi gàárì náà gun ẹṣin lọ sí Yídì. Wọ́n wá bá Ìyá Àgbà pé kí wọ́n yá àwọn ní owó ìkòkò kẹfà, àwọn á dá a padà kí ọdún tó dé.

Ìyá Àgbà kúnlẹ̀ dáadáa bí ìyàwó rere. Wọ́n ní, "Bàbá, kì í ṣe tèmi. Ẹ lọ yá a lọ́wọ́ ẹni tó ni ín."

"Ta ló ni ín?"

"Sùlè nìyẹn tó ń fi iyanrìn ṣeré. Òun ló kéré jù nínú wọn. Bó bá gbà, èmi náà gbà."

Ọmọ ọdún mẹ́ta ni Sùlè nígbà náà, kò wọ nǹkan kan ju ìlẹ̀kẹ̀ ìdí lọ. Bàbá Àgbà rò pé eré ni, wọ́n sì lọ bá a lóòótọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tìrora-tìrora nítorí ẹsẹ̀ yẹn, wọ́n ní, "Sùlè, ọkọ mi, yá mi lówó ìkòkò rẹ kí n fi ra gàárì." Sùlè wò wọ́n láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní, "Fìlà mi ńkọ́?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Àgbà náà rẹ́rìn-ín títí wọn ò fi lè dìde, àfi ìgbà tí a fà wọ́n sókè. Gàárì àtijọ́ ni wọ́n gùn lọ sí Yídì, wọ́n sì ń sọ fún gbogbo ẹni tí wọ́n bá pàdé lọ́nà pé, "Ogun ò ṣẹ́gun mi rí. Ọmọ tí kò wọ ṣòkòtò ló ṣẹ́gun mi."

Ọ̀ràn ọjọ́ ìbí ńkọ́? Ìyẹn dùn mí gan-an nígbà náà. Nígbà tí mo fẹ́ pé ọmọ ọdún méje, ìyàwó àlùfáà òyìnbó ṣe ọjọ́ ìbí fún ọmọ rẹ̀ nínú ọgbà ìjọ, bàbá mi rí i, ó sì wọ̀ wọ́n lójú. Wọ́n ti kọ ọjọ́ tí a bí mi sí ẹ̀yìn Bíbélì wọn. Wọ́n wá bá Ìyá Àgbà pé ó yẹ kí ìkòkò kẹfà ra nǹkan fún Àbẹ̀kẹ́ ní ọjọ́ náà. Èmi ni Àbẹ̀kẹ́. Mo dúró sẹ́yìn bàbá mi, mo ń ṣe bí ẹni pé mi ò gbọ́.

Ìyá Àgbà béèrè pé, "Rábì ńkọ́, ọjọ́ wo la bí òun?" Rábì ni ẹ̀gbọ́n Sùlè, ẹgbẹ́ mi sì ni. Ẹnìkan ní ọjọ́ tí ìjì ká òrùlé ilé kejì ni. Ìyá Rábì ní rárá o, òrùlé náà ti ká tán kí òun tó rọbí. Wọ́n béèrè ti Sùlè. Wọ́n ní ìgbà tí iṣu tuntun jáde ni. Iṣu ọdún wo? Wọ́n jiyàn títí ọbẹ̀ fi jóná lórí iná. Ni Ìyá Àgbà bá dájọ́ pé, nígbà tó jẹ́ pé ọjọ́ ọmọ kan ṣoṣo la rí kọ sílẹ̀ nínú agboolé, ọjọ́ náà ni ti gbogbo wọn.

Bí ọjọ́ ìbí mi ṣe lọ nìyẹn, tí ọmọ mẹ́tàdínlógún tò lẹ́sẹẹsẹ, tí olúkúlùkù gba àkàrà gbígbóná mẹ́ta àti àádùn tí a fi ewé wé. Èmi náà gba mẹ́ta. Mi ò gba ẹ̀kẹrin. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ ju tèmi fún ewúrẹ́. Mo lọ bá Ìyá Àgbà, mo ní wọ́n ti pín ọjọ́ mi fún èèyàn. Wọ́n fi etí ìró wọn nu epo ẹnu mi. Wọ́n ní, "Ọjọ́ tí a bí ọ tóbi, Àbẹ̀kẹ́. Ó gba gbogbo wọn, ó sì tún kù fún ọ." Títí dòní, ọjọ́ yẹn ni àwọn tó ti di bàbá ọmọ nílé wa fi ń ka ọjọ́ orí wọn. Sùlè wà lára wọn.

Bí ọdún bá ń bọ̀, èmi àti Rábì la máa ń bá wọn lọ sí Gbági. Ìyá Àgbà kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n fọ́nrán ìko mẹ́tàdínlógún wà lọ́rùn wọn bí ìlẹ̀kẹ̀. Wọ́n ti fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn orí ọmọ kan, wọ́n sì ta kókó sí i kí wọ́n lè mọ ti ta ni. Tí oníṣọ́ọ̀bù bá gbé fìlà jáde, wọ́n á fi ìko yí i ká, wọ́n á ní, "Èyí ò gba orí Sùlè. Mú òmíràn wá." Oníṣọ́ọ̀bù á ní, "Ìyá, ṣé ọmọ náà ò lè wá fúnra rẹ̀ ni?" Wọ́n á ní, "Tó bá wá, ohun tó wù ú ni yóò mú. Ohun tó bá a mu ni mo wá rà."

Kí a tó kúrò níbẹ̀, wọ́n á yà sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta àrán. Àrán kan wà níbẹ̀, àwọ̀ osùn ni. Wọ́n á nu ọwọ́ wọn mọ́ ìró, wọ́n á fi ẹ̀yìn ọwọ́ pa á lára jẹ́jẹ́, wọ́n á béèrè iye rẹ̀, wọ́n á sì ní àwọn ń padà bọ̀. Ìkòkò karùn-ún ló ń kó owó àrán yẹn jọ díẹ̀díẹ̀. A mọ̀, gbogbo obìnrin ilé sì mọ̀. Bí a bá ti ń lọ sílé, wọ́n á ní, "Yóò dúró dè mí. Aṣọ kì í sá lọ."

Ọdún kan wá dé tí Iléyá àti Kérésìmesì bọ́ sínú ọ̀sẹ̀ kan náà. Ẹni tó mọ bí oṣù Mùsùlùmí ṣe ń rìn á mọ̀ pé kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún mìíràn, ìkòkò kẹfà á ṣe ti ọ̀kan, á sinmi, a ó tún fi ewé bọ́ ọ, lẹ́yìn náà á ṣe ti èkejì, ọmọ kọ̀ọ̀kan á sì gba ẹ̀bùn nígbà méjèèjì. Lọ́dún yẹn, méjèèjì dé pọ̀ bí orogún méjì tó wọlé lọ́jọ́ kan. Mo wà lẹ́yìn ògiri nígbà tí mo gbọ́ tí Ìyá Àgbà ń sọ fún ìyá Rábì pé, "Aró tó wà nínú ìkòkò yìí kò ní tó fún ọdún méjèèjì."

Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, mo sì gbọ́n lójú ara mi. Nílé wa, bí àlejò bá dé tí ọbẹ̀ kò tó, omi la ń bù sí i. Mi ò rí ìdí tí aró fi máa le ju ọbẹ̀ lọ. Nígbà tí àwọn àgbà ń kírun ọ̀sán, mo bu igbá omi mẹ́jọ láti inú àmù sínú ìkòkò kẹfà, ó kún dé ẹnu. Mo wá fi ọwọ́ méjèèjì rò ó dáadáa kó lè pò mọ́ra. Ká sọ tòótọ́, inú mi dùn. Mo ti wé gèlè tuntun méjì lọ́kàn mi.

Ní ọjọ́ kejì, aṣọ tí wọ́n fà jáde rí bí àkísà tí a fi nu ilẹ̀. Ìyá Àgbà ti ìka bọ inú aró, wọ́n tọ́ ọ wò bí gbogbo aláró ṣe ń tọ́ ọ, wọ́n tutọ́ dànù. Wọ́n ní, "Ó ti kú."

Ilé dàrú. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù, a kò sì lè jí aró tó kú láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá Àgbà kó gbogbo wa jọ síwájú àtíbàbà. Wọ́n búra pé ọmọ tó bá dé ìdí ìkòkò náà kò ní rí ẹ̀bùn Iléyá, kò sì ní rí ti Kérésìmesì, òun ni yóò sì dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ìlú máa wò ó. Ẹnìkan wá sọ pé òun rí Rábì tó gbé igbá kọjá níbẹ̀ lánàá. Rábì ní òun lọ gbé omi fún ewúrẹ́ ni, ó bú sẹ́kún. Èmi dúró, mo kó ọwọ́ méjèèjì sínú ìró mi. Láti àárọ̀ ni mo ti kó wọn síbẹ̀, tí mo ń sọ fún gbogbo èèyàn pé ọyẹ́ ló ń mú mi. Mo ti fi ọṣẹ dúdú fọ̀ wọ́n, mo ti fi kànìnkànìn ha wọ́n. Aró kò gbọ́ bẹ́ẹ̀.

Bàbá Àgbà ní, "Àbẹ̀kẹ́, kí lo ń kó ọwọ́ pamọ́ fún? Nà án kí n rí i."

Mo nà án. Ó dúdú mìnìjọ̀ dé ìgúnpá. Rábì pàápàá dákẹ́ ẹkún. Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ náà, mi ò tíì rí irú rẹ̀ mọ́, títí kan ìgbà tí mo fẹ́ bí àkọ́bí mi.

Ìyá Àgbà ní, "Ẹ fi ọmọ yẹn sílẹ̀. Iṣẹ́ ló ń kọ́ lọ́dọ̀ mi. Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ tó láró la ń wá, ẹ wo tèmi." Wọ́n na ọwọ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. "Ìkòkò mi ni, èmi ni mo ń tọ́jú rẹ̀, ọwọ́ mi ló kú sí. Rábì, nu ojú rẹ."

Bàbá Àgbà ní, "Ọ̀rọ̀ ti yé wa, àmọ́ kí la fẹ́ fi ṣọdún fún àwọn ọmọ?" Gbogbo ojú lọ sára àwọn ìkòkò tó kù, gbogbo èèyàn sì mọ òfin. Owó ìkòkò kan kì í ya ilé ìkejì. Ìyá Àgbà náà mọ̀ ọ́n, àwọn ló ṣe é. Wọ́n rìn lọ sí ìdí ìkòkò karùn-ún, wọ́n gbé ọwọ́ lé ètè rẹ̀. Wọ́n ní, "Láti òní lọ, èyí ni ìkòkò kẹfà. Ti àwọn ọmọ ni, àti aṣọ inú rẹ̀, àti owó tó ti pa sílẹ̀. Èyí tó kú yìí ni ìkarùn-ún. Tèmi ni." Ìyá Rábì sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Àrán ńkọ́?" Wọ́n ti padà sí ìdí èyí tó kú.

Nígbà tí àwọn èèyàn tú ká, mo lọ bá wọn. Mo ní, "Ìyá Àgbà, èmi ni mo bu omi sí i. Mo fẹ́ kó tó ni. Bí a ṣe ń ṣe ọbẹ̀." Wọ́n wò mí títí. Ẹ̀rín wá pa wọ́n, wọ́n di ètè ìkòkò mú kí wọ́n má baà ṣubú. Nígbà tí wọ́n nu ojú tán, wọ́n ní, "Bí o bá bi mí ni, ǹ bá sọ fún ọ pé mo ti mọ bí yóò ṣe tó. Omi kọ́ ló ń mú nǹkan tó, ọmọ mi. Bí a ṣe pín in ni."

Bí wọ́n ṣe pín in nìyí. Ẹ̀bùn mẹ́tàdínlógún péré ni wọ́n rà, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ Iléyá, àwa ọmọ onígbàgbọ́ la gbé ẹ̀bùn lé àwọn ọmọ Mùsùlùmí lọ́wọ́. Nígbà tí Kérésìmesì dé láàrin ọ̀sẹ̀ náà, àwọn náà tò wá sí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbé tiwa wá. Olúkúlùkù gbà lẹ́ẹ̀kan, ó sì fúnni lẹ́ẹ̀kan, kò sì sí ẹni tó rántí pé ẹ̀bùn dín. Èmi ni mo gbé gèlè Rábì fún un. Mo sọ sí i létí pé, "Èmi ni mo pa ìkòkò yẹn." Rábì ní, "Ta ni kò mọ̀? Wé e fún mi jàre."

Ọ̀rọ̀ tí Ìyá Àgbà sọ pé mo ń kọ́ṣẹ́ kì í ṣe òótọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́. Ẹni tó mọ̀ wọ́n mọ̀ pé wọn ò jẹ́ kí irọ́ sùn lẹ́nu wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì Kérésìmesì, wọ́n gbé agbọ̀n eérú lé mi lórí. Títí òjò àkọ́rọ̀ fi rọ̀ ni a fi ń jí ìkòkò yẹn: mo sun igi, mo sẹ́ omi eérú, mo gún ẹ̀lú títí èjìká mi fi wú. Ìyá Àgbà kò jẹ obì ní gbogbo àkókò yẹn, ọbẹ̀ wọn kò sì rí ẹja àfi èyí tí ìyá Rábì bá jí fi sí i. Ọjọ́ tí aró náà jí, wọ́n ní kí n tọ́ ọ wò, ó ta mí lára ahọ́n. Mo béèrè pé kí ló dé tí wọ́n fi gbà mí lọ́wọ́ Bàbá Àgbà. Wọ́n ní, "Ìkòkò tó bá kú, mo mọ bí wọ́n ṣe ń jí i. Ọmọ tí a bá dójú tì láàrin ẹbí, mi ò mọ̀ ọ́n."

Ìpayà ọdún yẹn kò tán lára wọn bọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹ̀bùn ọdún tó ń bọ̀ sílẹ̀ láàrin òjò, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń béèrè fìlà. Wọ́n á kó o sínú apẹ̀rẹ̀ kan lórí àjà, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó. Wàhálà ibẹ̀ ni pé orí ọmọ ń dàgbà, ìko kò sì lè wọn orí tí kò tíì dé. Ni wọ́n bá ń ra gbogbo nǹkan ní títóbi. Bí ọdún bá dé, gbogbo ọmọ agboolé wa ni fìlà bò dé ojú, tí a ń rìn bí ẹni tó ń wá ọ̀nà nínú èéfín. Bí ọmọ bá ráhùn, wọ́n á ti fìlà náà sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n á ní, "Fi sílẹ̀. Orí rẹ ń bọ̀ wá bá a."

Nígbà tí mo ní ìkòkò tèmi, mo ya ọ̀kan sọ́tọ̀ fún wọn. Ọdún mẹ́ta ló gbà mí. Mo ra àrán aláwọ̀ osùn kan, mo gbé e lọ fún wọn. Àgbà ti dé sí wọn, ara wọn ti kéré, ìró náà sì ń wọ́lẹ̀ lẹ́yìn wọn. Wọ́n ní, "Ó gùn jù, Àbẹ̀kẹ́." Mo ní, "Ẹ fi sílẹ̀, Ìyá Àgbà. Ẹ ń bọ̀ wá bá a." Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n jókòó sílẹ̀. Wọ́n ró o lọ sí Yídì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí Kérésìmesì dé, mo rí ọmọ mọ́kàndínlógún nínú ṣọ́ọ̀ṣì àti lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo wọn dé fìlà àrán aláwọ̀ osùn tí wọ́n gé lára ìró náà. Inú bí mi, mo sọ ọ́ fún wọn pé inú bí mi. Wọ́n ní, "Ara mi kan ṣoṣo ni. Orí wọn pọ̀."

Ẹni tí a fẹ́ ta ìkòkò rẹ̀ nìyẹn.

Sùlè padà dé lọ́jọ́ kejì bó ṣe wí. Kò jókòó lọ́tẹ̀ yìí náà. Mo ní, "Sùlè, òkú ní ìkòkò tirẹ̀, ẹ̀kẹta ni. Màlúù tó rà ti wà lórí ìso. O mọ̀ pé àìsàn kò jẹ́ kí Ìyá Àgbà ra nǹkan kan sílẹ̀ lọ́dún yìí, apẹ̀rẹ̀ orí àjà ṣófo. Bí a bá ta aṣọ yìí, àwọn ọmọ ò ní ṣọdún. Ṣùgbọ́n kì í ṣe tèmi. Lọ yá a lọ́wọ́ ẹni tó ni ín."

Ó ní, "Ta ló ni ín?"

"Lásísì. Òun ló kéré jù."

Lásísì ni àbíkẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ó wà lẹ́bàá àmù, ó ń fi amọ̀ mọ nǹkan. Sùlè wò mí bóyá mo ń ṣe yẹ̀yẹ́, mo sì ń pa aró mi lọ. Ó lọ bá ọmọ náà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú bàtà rẹ̀ tó ń ké. Ó ní, "Lásísì, a fẹ́ fi owó ẹ̀bùn ọdún ẹ̀yin ọmọdé ra ẹran fún fìdáù Ìyá Àgbà. Ṣé o yá wa?"

Lásísì rò ó. Ó nu amọ̀ mọ́ ikùn. Ó ní, "Ṣé Ìyá Àgbà ti gbà?"

Sùlè tẹ orí ba. Ó pẹ́ lórí ìbẹ̀rẹ̀ náà, mo wá rí i pé èjìká rẹ̀ ń mì, mi ò kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni. Nígbà tó padà wá, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó fa àpótí kan, ó jókòó nígbẹ̀yìn gbẹ́yín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ní kí n lọ béèrè." Àwa méjèèjì sunkún díẹ̀ níbẹ̀, a sì rẹ́rìn-ín. Ó kù kí n sọ pé màlúù kan ṣoṣo yẹn tó èrò. A pín in dáadáa ni.

Lẹ́yìn fìdáù, mo ta aṣọ ìkòkò kẹfà, mo fi fọ́nrán ìko sọ́rùn, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Sùlè ní Gbági. Òun fúnra rẹ̀ ló bá mi ṣa gbogbo fìlà náà, ní títóbi ju ìko lọ, bí Ìyá Àgbà ṣe máa ń rà wọ́n. Ní òwúrọ̀ Iléyá, Lásísì jáde sí gbàgede, fìlà tuntun bò ó dé imú. Ó fẹsẹ̀ kọ ìlẹ̀kùn, ó ké pe bàbá rẹ̀ pé òun ò ríran. Sùlè ti fìlà náà sẹ́yìn díẹ̀ fún un.

Ó ní, "Fi sílẹ̀. Orí rẹ ń bọ̀ wá bá a."